Yẹtí Tuntun Ìyá Olùkọ́

Ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi, kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ máa ń dúró yíká nínú yàrá tí wọ́n ń to àga tó bá ṣẹ́kù sí. Nọ́ọ̀sì ni olórí wọn. Ogún ọdún ni obìnrin náà ti ń gbẹ̀bí ní ọsibítù, ojú rẹ̀ kì í sì í gba ìranù. Á wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, á bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Báwo lẹ ṣe wà lónìí?"

Ìbéèrè yẹn nídìí. Ìwé kan wà tí gbogbo wọn tọwọ́ bọ̀ nígbà tí wọ́n ń wọṣẹ́. Ó wà níbẹ̀ pé òṣìṣẹ́ á máa tètè dé, pé kò ní í máa kùn, pé bí kò bá ní í lè wá, á sọ ọ́ ṣáájú. Ìlà tó gbẹ̀yìn ló ní bí ohunkóhun bá ń ṣe èèyàn tó lè dí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, kó sọ ọ́ lójú gbogbo wọn, kí wọ́n lè bá a gbé e. Àmọ́ ta ló ń ka ìlà tó gbẹ̀yìn? "Ó dáa" lẹni àkọ́kọ́ ń sọ, "ó dáa" lẹni kejì ń sọ, kí èèyàn tó ṣẹ́jú pẹ́, ó ti dé ọ̀dọ̀ Aláago.

"Ó dáa gan-an ni," ni Aláago máa ń sọ.

Irọ́ ni. Ọdún méjì gbáko ló ti ń pa á.

Iṣẹ́ aago títúnṣe ni ọkùnrin náà fi tọ́ ọmọ mẹ́ta. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò fẹ̀ ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Tó bá jókòó tán, orúnkún rẹ̀ á kan ògiri iwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ á kan ti ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá gbé aago tí ẹni mẹ́ta ti tú tì wá bá a, ńṣe ni yóò máa rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí wọ́n fún lẹ́bùn, torí kò sóhun tó dùn mọ́ ọn tó nǹkan tó bá lọ́jú pọ̀. Àmọ́ fóònù dé, gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago lára rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù sì padé. Ẹ̀rọ ohùn ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló kù tí èèyàn ṣì ń tìtorí rẹ̀ wá Aláago. Òun ló ń jókòó lẹ́yìn gbọ̀ngàn nídìí tábìlì tó kún fún bọ́tìnì, òun ló ń gbé ohùn pásítọ̀ sókè, tó ń bu ti akọrin kù. "Ẹ bá wa pe Aláago" – gbólóhùn yẹn dùn mọ́ ọn ju orin lọ.

Etí gan-an ló wá ń dà á. Ti ọ̀tún ló kọ́kọ́ ṣe bí ẹni pé wọ́n ki òwú bọ̀ ọ́, ti òsì sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè yín kẹ́ ẹ tó dáhùn," ni ìyàwó sọ fún un lọ́jọ́ kan.

"Mo gbọ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì. Mo kàn ń ronú ni."

"Kí ni mo wá sọ lẹ́ẹ̀kejì?"

Aláago rò ó wò. "O ní kí n wá jẹun."

"Mo ní òjò ń rọ̀ sórí aṣọ yín níta. Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ lọ sọ fún Nọ́ọ̀sì o."

"Kí n sọ kí ni? Kí n ní ẹni tó ń bójú tó ohùn ò gbọ́ ohùn? Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n á gbà á lọ́wọ́ mi."

Kò sọ ọ́. Ó jókòó ti ọ̀rọ̀ náà bó ṣe máa ń jókòó ti aago tó dákẹ́, ó sì wá ọgbọ́n sí i. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn kì í rí ojú èèyàn. Ẹ̀yìn ọrùn ló ń rí. Nítorí náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀yìn ọrùn. Kò pé oṣù kan tó fi rí ẹni tó ń wá: Ìyá Olùkọ́, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí kì í jókòó síbòmíì ju àga kan náà lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Etí màmá yìí mú bí abẹ. Bí ohùn bá ti pọ̀ jù, á fọwọ́ kan etí òsì rẹ̀. Bó bá kéré jù, á na ọrùn síwájú. Bó bá ṣe déédéé, kò ní í mira rárá. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé òun ń ṣe é. Aláago á wo ìyá, á ti bọ́tìnì sókè, á tì í wálẹ̀, ohùn á sì rí bó ṣe yẹ kó rí. Àwọn èèyàn á tún máa kí i pé ó kú iṣẹ́.

Ohun kan ni ọgbọ́n náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lè dijú mọ́. Bí pásítọ̀ bá ní kí wọ́n jẹ́ káwọn gbàdúrà, gbogbo ìjọ á dijú, Aláago á la tirẹ̀ sílẹ̀, á máa ṣọ́ etí ìyá oníyàá.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ títí di ọjọ́ ìsinmi tí Ìyá Olùkọ́ wọ yẹtí tuntun.

Orin lọ dáadáa lọ́jọ́ náà. Pásítọ̀ dìde, ó ṣí Bíbélì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tí Ìyá Olùkọ́ fi fọwọ́ kan etí òsì. Aláago bu ohùn kù díẹ̀. Ìyá tún fọwọ́ kàn án. Ó tún bù ú kù. "Ara màmá ò gba ariwo lónìí," ló sọ lọ́kàn ara rẹ̀. Ìṣẹ́jú kan ò tíì pé tí ìyá fi tún gbé ọwọ́ sókè, lọ́tẹ̀ yìí ńṣe ló di etí náà mú tó ń fà á. Àánú rẹ̀ ṣe Aláago. Ó ti bọ́tìnì wálẹ̀ gan-an.

Níwájú, pásítọ̀ ń gbé ọwọ́, ó ń la ẹnu, ó ń pa á dé bí ẹja inú omi. Àwọn tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í wojú ara wọn. Bàbá kan yíjú sí Aláago, ó ń fọwọ́ tọ́ka sí etí ara rẹ̀, ìyẹn ni pé òun ò gbọ́ nǹkan kan. Aláago ò rí i. Ìyá tún ti gbé ọwọ́. Ó tún tì í wálẹ̀.

Atẹ̀wé ló gbà wọ́n là. Obìnrin yìí ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì kan láàárín ọ̀sẹ̀, oṣù méje sẹ́yìn ló dara pọ̀ mọ́ àwọn òṣìṣẹ́, òun ló sì ń so wáyà láràárọ̀ ọjọ́ ìsinmi. Ó sáré dé ìdí tábìlì, ó na ọwọ́ kọjá èjìká Aláago, ó ti bọ́tìnì sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ pariwo fíìn! Ọmọ ọwọ́ mẹ́ta bú sẹ́kún. Ohùn pásítọ̀ wá jáde gbàgàdà: "…ohun tí mo ti ń sọ láti àárọ̀ nìyẹn!"

Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín, àyàfi Aláago.

Bí ìsìn ṣe parí, wọ́n ní Nọ́ọ̀sì ń pè é ní yàrá àga. Ó ń lọ, ó sì ń to irọ́ rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Wáyà. Á ní wáyà ni. Wáyà máa ń bàjẹ́, kò sẹ́ni tó lè já a nírọ́. Ọgbọ́n náà dán mọ́rán lójú rẹ̀ títí tó fi débẹ̀, tó rí i pé ẹnì kan ti lò ó ṣáájú òun.

"Wáyà ni, mo ní kẹ́ ẹ gbọ́," ni Ọ̀gá Akọrin ń sọ, ó ń na ìka sí Atẹ̀wé. "Àbúrò, ó lójú bí wọ́n ṣe ń so nǹkan wọ̀nyí. Bàbá Aláago ti ń ṣe é bọ̀ láti ọdún pípẹ́, a ò rírú èyí rí. Ìwọ dé, ẹ̀rọ dákẹ́."

"Mo yẹ gbogbo rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì, sà," ni Atẹ̀wé sọ. Omi ti lé sójú rẹ̀. "Bóyá kí n kúkú padà sídìí àga títò."

Nọ́ọ̀sì yíjú sí Aláago. "Bàbá, ṣé wáyà ni?"

Ìdáhùn náà ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. Kó ṣáà ti mirí pé bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ tán: tábìlì ṣì jẹ́ tirẹ̀, wọ́n á ṣì máa pe Aláago. Ó wo Atẹ̀wé. Obìnrin náà mú okùn wáyà kan lọ́wọ́, ó ti fi ìwé pélébé lẹ̀ ẹ́ lára, ó kọ ọ́ sí i gàdàgbà: ti pásítọ̀. Gbogbo wáyà ló ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ta ló rán an níṣẹ́?

"Kì í ṣe wáyà," ni Aláago sọ. "Èmi ni. Mi ò gbọ́ràn mọ́. Ó ti tó ọdún méjì."

Lẹ́yìn náà ló sọ gbogbo rẹ̀, etí ọ̀tún, etí òsì, Ìyá Olùkọ́, ọwọ́ sókè, ọrùn síwájú. Ó ti sọ ọ́ tán kó tó rí i pé ẹnì kan dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Olùkọ́ fúnra rẹ̀ ni. Yẹtí méjèèjì wà lọ́wọ́ rẹ̀, etí rẹ̀ sì pọ́n bí ata.

"Láti ọdún méjì lo ti ń wò mí lẹ́yìn?" ni ìyá béèrè.

"Ẹ má bínú, Mà. Ìyàwó mi mọ̀ sí i."

Ọ̀gá Akọrin ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Atẹ̀wé fi wáyà bo ẹnu.

"Ọmọ ọmọ mi ló fi nǹkan yìí ránṣẹ́," ni Ìyá Olùkọ́ sọ, ó na yẹtí náà sí wọn. "Láti ẹnu ọ̀nà ló ti ń yún mi. Mo fẹ́ yọ ọ́, àmọ́ mo ti fi han gbogbo èèyàn, ojú wá ń tì mí."

"Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá lẹ fọwọ́ kàn án, Mà."

"O tún kà á!"

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Aláago yọ kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ lápò, ó gbé e sórí àga níwájú Nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ò fọwọ́ kàn án.

"Kí nìyẹn?"

"Ẹ ò gbà á ni?"

"Bàbá, ó ti lé lóṣù méjì tí mo dúró lẹ́yìn yín, tí mo pè yín lẹ́ẹ̀mẹta, tẹ́ ẹ ò yíjú. Mo ti mọ̀ látìgbà náà. Mò ń retí kẹ́ ẹ sọ ọ́ ni." Ó jókòó. "Bí aboyún bá ń rọbí, tó ń sọ fún mi pé kò sóhun tó ń ṣe òun, kí ni kí n gbà mú? Àmọ́ ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀. Mò ń bi yín léèrè bí ẹni ń pe orúkọ nílé ìwé ni, mi ò dúró gbọ́ èsì."

"Ṣé ẹ ò ní í lé mi?"

"Lé yín lọ síbo? Ta ló máa tú ẹ̀rọ yẹn bó bá bàjẹ́, Ọ̀gá Akọrin? Atẹ̀wé létí, ẹ̀yin lọ́wọ́. Ẹ jókòó pa pọ̀. Kẹ́ ẹ sì wá sí ọsibítù lọ́jọ́ Ajé, kí wọ́n yẹ etí yẹn wò. Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ yín."

Aláago mú un. Àfi bí ẹni pé wọ́n gbé àpò sìmẹ́ńtì kúrò lórí rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé fìlà rẹ̀ sórí tábìlì ẹ̀rọ ní gbọ̀ngàn, ìyàwó rẹ̀ tó ń dúró dè é níbẹ̀ ló bá a mú un.

"Ó tán?" ni ìyàwó béèrè, ní ẹ̀gbẹ́ etí òsì.

"Ó tán."

"Ṣebí ẹ rò pé wọ́n á pa yín jẹ ni," ló sọ, ó sì gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́.

Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n dúró yíká. Nọ́ọ̀sì béèrè, ó sì dúró. Ẹni àkọ́kọ́ la ẹnu láti sọ pé ó dáa, ó pa á dé, ó ní òun ò sùn dáadáa, ọmọ òun ń wú ikọ́. Ẹnì kejì ní òun ò tíì jẹun. Ìgbà tó máa fi dé ọ̀dọ̀ Aláago, aago mẹ́sàn-án ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù.

"Etí ọ̀tún ò ṣiṣẹ́," ló sọ, "ti òsì ń gbìyànjú, èmi náà sì dáa gan-an ni."

Atẹ̀wé jókòó sídìí bọ́tìnì. Aláago jókòó tì í, ó ń fi ìka hàn án èyí tó máa ń le àti èyí tó máa ń yọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, Ìyá Olùkọ́ gbé ọwọ́ sí etí, etí tí kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Aláago rí i, ọwọ́ rẹ̀ fò sókè fúnra rẹ̀. Kó tó kan bọ́tìnì, Atẹ̀wé ti bu ohùn kù.

"Mo ti gbọ́ ọ, Bàbá," ni Atẹ̀wé sọ, ó la ẹnu gbàgà kí ọ̀rọ̀ lè hàn lójú rẹ̀.

Pásítọ̀ ní kí wọ́n jẹ́ káwọn gbàdúrà. Aláago kó ọwọ́ méjèèjì sórí itan. Ó dijú.