Ọdún Mẹ́fà Tí Wọ́n Fi Ń Wo Ikùn

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má mira," ni ọmọbìnrin tó ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọkàn sọ. Ó gbé ẹ̀rọ náà padà sí ojú kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dìde, ó lọ pe ọ̀gá rẹ̀.

Alága ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin tó dùbúlẹ̀ náà. Kì í ṣe pé ó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ kankan o, aṣọ àga ló ń rán. Ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń dín ìsanra kù, oníṣẹ́ abẹ sì ti ní òun kò ní fọwọ́ kàn án àfi tí dókítà ọkàn bá kọ̀wé pé ọkàn rẹ̀ á lè gbà á.

Dókítà ọkàn wọlé, obìnrin kan tó ti ń hewú. Ó wo àwòrán náà, ó tún un wò.

"Láti ìgbà wo lẹ ti ń mí hẹlẹ báyìí?"

"Ó tó ọdún mẹ́fà."

"Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Tó bá di ìrọ̀lẹ́, kò gba bàtà mọ́. Ìrọ̀rí mẹ́ta ni mo fi ń sùn kí n tó lè mí."

"Ta lẹ sọ fún?"

"Dókítà àdúgbò wa. Ó ní kí n dín ẹnu kù."

Dókítà ọkàn jókòó. "Ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn inú ọkàn yín kò padé dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ ń jò padà sẹ́yìn. Iṣẹ́ abẹ ìsanra á dúró ná, ilẹ̀kùn yẹn la máa kọ́kọ́ tún ṣe."

"Ṣé ọ̀rá ló bà á jẹ́?"

"Rárá o. Bí ẹ tiẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìgbálẹ̀, á ṣì máa jò. Ẹni tó bá fetí sí àyà yín lẹ́ẹ̀kan péré ì bá ti gbọ́ ọ."

Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó sìn ín wá bú sẹ́kún. Alága ò sunkún. Pẹ̀lú ìbínú ló fi de bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká lọ sílé, kẹ́ ẹ sinmi."

"Sinmi kẹ̀? Ibi tí wọ́n ti sọ mí di wọ̀bìà là ń lọ."

Nígbà tí wọ́n wọlé tọ dókítà àdúgbò, bó ṣe gbójú sókè, ikùn Alága ló kọ́kọ́ wò. "Alága! Ẹ ò tíì fọn síbẹ̀?"

"Ẹ bá mi mú fáìlì mi."

Alága kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. *Ó sanra jù. Kó dín oúnjẹ kù.* Ìgbà mọ́kànlá ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

"Níbo lẹ kọ ọ́ sí pé ẹ gbọ́ àyà mi?"

"Ẹ wò ó, mà, ara tó bá wúwo tó báyìí..."

"Mo ní níbo lẹ kọ ọ́ sí?"

Dókítà ṣí ìwé síwá, ó ṣí i sẹ́yìn. Kò rí i.

"Ó dáa, ẹ gbọ́ ọ báyìí."

Dókítà yọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà lọ́rùn, ó gbé e lé Alága láyà. Ó sún un díẹ̀, ó tún gbọ́. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Kí lẹ gbọ́?"

"Ó ń... ó ń dún ṣìì."

"Ọdún mẹ́fà ló ti ń dún ṣìì! Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ déètì òní sí i."

Ó kọ ọ́. "Ẹ má bínú, mà."

"Màá bínú. Ó tọ́ sí mi kí n bínú."

Lórí bẹ́ǹṣì ìta, obìnrin kan tó sanra jókòó, ó ń fi káàdì rẹ̀ fẹ́ ara, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Alága dúró.

"Èémí ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Obìnrin náà rẹ́rìn-ín ìtìjú. "Mo ti mọ ohun tí dókítà máa sọ."

Alága gbé báàgì rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀. "Bá mi mú un dání," ó ní. "Mo fẹ́ bá obìnrin yìí wọlé."