Ta Ni Yóò Buwọ́ Lù Fún Tòlótòló?

Bí ẹ ti fura náà ló rí: ẹni tó bá ń fi yíya ènìyàn ní ẹranko jẹun, kì í pẹ́ kó tó gbà pé òun nìkan ni ènìyàn tó kù nílùú. Bẹ́ẹ̀ ni Célestin Rouvel rí ní Montfaucel, òun tó ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ inú ìwé ìròyìn wa ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó ti ya apoògùn wa ní òwìwí. Ó ti ya agbẹjọ́rò tó ń ṣètò ogún fún wa ní kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Olórin obìnrin ilé eré wa, ó yà á ní àgbébọ̀ adìyẹ tó ń pariwo gèè lórí ẹyin kan ṣoṣo.

Ẹ má tìtorí ìyẹn pè é ní ìkà. Òfin ayé ìgbà náà, lábẹ́ ọba ńlá tó wà ní Paris, ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ àwòrán ẹ̀fẹ̀ ènìyàn jáde, àfi bí ẹni tí wọ́n yà bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ buwọ́ lù ú pé òun gbà. Ẹ ó ní ta ni yóò gbà? Ẹ kò mọ̀ wá. Apoògùn ti ń wá kálàmù kí Rouvel tó parí ọ̀rọ̀, ó sì gbé òwìwí náà kọ́ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Agbẹjọ́rò ráhùn díẹ̀, pé ìrù kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ òun kúrú jù. Ìyàwó ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì ránṣẹ́ wá béèrè ohun tí ọkọ òun fi Rouvel ṣe, tí kò fi tíì sọ ọ́ di ẹranko kankan.

Gbogbo èyí ń dun Rouvel wọra. Ní Paris, àwọn ayàwòrán tó gbóná ti ṣẹ̀wọ̀n rí. Àwọn obìnrin a máa gbé oúnjẹ lọ bá wọn, tí wọ́n bá sì jáde, wọn kì í sanwó ọtí fúnra wọn mọ́ títí ayé. Òun ti ń yàwòrán títí irun rẹ̀ fi ń funfun, ọlọ́pàá kan kò kan ilẹ̀kùn rẹ̀ rí, àfi èyí tó wá bẹ̀ ẹ́ pé kó ya òun ní ajá ọdẹ. Ohun tí Rouvel ń fẹ́ láyé yìí ni ẹ̀wọ̀n: ẹ̀wọ̀n kékeré kan tó níyì, tí yóò mú kí a máa bọ́ fìlà fún un.

Malbosc, olórí ìlú wa, ló ṣínà fún un. Ọba ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi rìbọ́nù pupa dá Malbosc lọ́lá, Rouvel sì ránṣẹ́ sí i pé òun fẹ́ yà á ní tòlótòló. Malbosc dáhùn pé òun kò gbà. Kò bínú, kò sì ṣàlàyé. Ọkùnrin tín-ín-rín ni, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, a sì máa wo ènìyàn bí ẹni tó ń ka ìwé tí kò yá a lórí.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Rouvel gun orí àga nílé kọfí.

"Ẹ gbọ́ o," ló wí. "Òfin ní kí n gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí mo bá yà. Ó dáa. Tòlótòló ni mo máa yà. Tòlótòló lásán. Mi ò ní kọ orúkọ ẹ̀dá kankan sí i. Ẹni tó bá ní òun lòun wà níbẹ̀, kó jáde wá. Ta ni yóò buwọ́ lù fún tòlótòló?"

A pàtẹ́wọ́ títí. Ká sòótọ́, ọ̀rọ̀ náà dùn létí, kò sì sí ẹni tí orí rẹ̀ kò wú nínú wa.

Ilé ìtẹ̀wé Màdáámù Delprat ni Rouvel ti ń ṣiṣẹ́. Opó ni Màdáámù, ẹnu rẹ̀ sì mú. Orí òkúta pẹlẹbẹ ni wọ́n ti ń ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó fi bébà tẹ̀ ẹ́, nítorí náà ohun tó bá wà lọ́tùn-ún lórí òkúta, òsì ni yóò bọ́ sí lórí bébà. Ìdí nìyẹn tí dígí fi wà lórí tábìlì ayàwòrán, kó lè fi wo bí iṣẹ́ yóò ṣe rí. Ṣùgbọ́n ti Rouvel kì í kọjú sí òkúta tó bẹ́ẹ̀. Bó bá ń wá ìbínú ẹranko, ojú ara rẹ̀ ló máa ń mú un. Lọ́jọ́ tòlótòló, ó wú ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó yọ àyà síta, ó fa ọrùn sẹ́yìn, ó di ojú rẹ̀ kan sí ààbọ̀, ó wo dígí, ó yà; ó tún wú ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Célestin," ni Màdáámù wí láti ìdí ẹ̀rọ, "ṣé tòlótòló lò ń yà ni, àbí inú ló ń run ẹ́?"

"Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ìgbéraga Malbosc ni mò ń wá."

"O ti wá a débi tó wà. Gbọ́, tí wọ́n bá torí ẹyẹ yìí ti ilé ìtẹ̀wé tí ọkọ mi fi sílẹ̀ fún mi pa, ilé ẹ ni màá kó ẹ̀rọ wá, orí bẹ́ẹ̀dì ẹ ni màá sì gbé e lé."

Rouvel ní kó fọkàn balẹ̀. Òun kò ní jẹ́ kí wọ́n torí òun mú ẹlòmíràn, òun yóò buwọ́ lù ú gàdàgbà, kí afọ́jú pàápàá lè mọ ẹni tí wọn yóò mú. Lóòótọ́, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ ẹsẹ̀ tòlótòló náà bí ẹni kọ orúkọ sára ilé.

Ìwé ìròyìn jáde láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ọlọ́pàá ti dé. Rouvel ti gbé àpò rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà: ẹ̀wù, tábà, dígí. Inú bí i díẹ̀ nígbà tí wọ́n ní kó lọ dúró sílé di ọjọ́ ẹjọ́. Kí ọjọ́ náà tó pé, a se ẹ̀wà ẹlẹ́ran pẹ́pẹ́yẹ fún un, a fi kí i pé ó dìgbóṣe. Apoògùn fún un ní oògùn ikọ́ nítorí òtútù ẹ̀wọ̀n. Ó fi ológbò rẹ̀ síkàáwọ́ Màdáámù, ó sì sọ̀rọ̀ tó mú ọ̀pọ̀ wa sunkún.

Ní kóòtù, agbẹjọ́rò ìjọba ní kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tí wọ́n yà yìí. Adájọ́ ní kó mú ọ̀kan nínú àwọn tó mọ̀ ọ́n wá kó wá sọ ọ́. Wọ́n pe apoògùn.

"Tòlótòló ni mo rí, Olúwa mi," ló wí.

Wọ́n pe agbẹjọ́rò ogún. Òun náà búra pé tòlótòló ni. Olórin wa ní òun tiẹ̀ rò pé òun jẹ irú ẹ̀ lọ́dún Kérésì. Bẹ́ẹ̀ la tò kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, a wo ojú ìjọba, a sì búra sí ẹyẹ. N kò rí Montfaucel kó gbójú tó bẹ́ẹ̀ rí.

Rouvel dìde, àyà rẹ̀ yọ síta, ọrùn rẹ̀ pọ́n. Ó ní kí wọ́n fi òun sẹ́wọ̀n bó bá wù wọ́n, òkúta tí òun ń yàwòrán sí kò tíì bẹ̀bẹ̀ rí, òun náà kò sì ní bẹ ẹnì kan. Ó wá yíjú sí Malbosc, tó jókòó jẹ́ẹ́ pẹ̀lú rìbọ́nù rẹ̀.

"Ọ̀gá olórí ìlú, ẹ má tijú. Ẹ wò ó dáadáa. Ṣé ẹ̀yin nìyí, àbí ẹ̀yin kọ́?"

Gbogbo kóòtù na ọrùn wo Malbosc. Bó bá ní òun ni, tòlótòló ni yóò máa jẹ́ títí wọn yóò fi sin ín. Bó bá ní òun kọ́, Rouvel ti ṣẹ́gun ìjọba. Malbosc gba bébà náà. Ó wo tòlótòló. Ó gbójú sókè, ó wo Rouvel. Ó tún wo tòlótòló.

"Èmi kọ́," ló wí. "Òun ni."

Adájọ́ mú awò rẹ̀ wọ̀. Ó ní kí Rouvel jọ̀wọ́ dúró bó ṣe dúró yẹn. Bébà náà ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, ibi tó bá sì dé, ẹnì kan á fi áńkáṣífù bojú. Èjìká Màdáámù Delprat ń gbọ̀n fún ẹ̀rín.

"Irọ́ ni," ni Rouvel wí. "Malbosc ni. Olúwa mi, mo jẹ̀bi. Mo ní mo jẹ̀bi." Bó ṣe ń wí i tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń wú, tí ojú rẹ̀ kan ń dì.

Agbẹjọ́rò ìjọba kò fẹ́ lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Ó ní ẹnì yòówù kó jẹ́, òfin ṣì ń béèrè ìbuwọ́lù ẹni tí wọ́n yà.

Adájọ́ fi ìka kan ìsàlẹ̀ bébà náà. Ìbuwọ́lù náà wà níbẹ̀, lábẹ́ ẹsẹ̀ tòlótòló, gàdàgbà.