Etí Omi Tí Ìyá Binsar Yàn

Ọdọọdún ni ilé Ìyá Binsar máa ń lọ gbafẹ́ létí adágún Toba nílẹ̀ Batak, ọdọọdún náà ni wọ́n sì máa ń jiyàn lórí etí omi tí wọn yóò lọ. Lọ́dún yìí, ìkòkò ìrẹsì kò tíì kúrò lórí iná tí Parlin, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, fi ní Parbaba ni, nítorí yanrìn ibẹ̀ funfun. Bàbá Binsar ní Bulbul ni, nítorí wọ́n mọ ẹja sun níbẹ̀.

"Lumban Raut ni mo fẹ́," ni Ìyá Binsar wí.

Rusmina, ìyàwó Parlin, gbá ọmọ tuntun rẹ̀ mọ́ àyà. Lumban Raut ni Binsar, àkọ́bí ilé náà, ti bá omi lọ lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, wọn ò sì rí òkú rẹ̀ títí dòní. Egungun gbogbo àwọn ará wọn ló wà nínú ibojì ìdílé lẹ́yìn ilé, tirẹ̀ nìkan ni kò sí níbẹ̀.

"Ìyá Binsar, ṣé kò sí o?" ọkọ rẹ̀ bi í. "Nígbà tí ìsàmì ọmọ ku ọ̀la?"

"Torí ìsàmì náà ni."

Nílẹ̀ Batak, ọjọ́ tí wọ́n bá sọ ọmọ-ọmọ àkọ́kọ́ lórúkọ ni àwọn òbí àgbà ń bọ́ orúkọ ọmọ tiwọn sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti pe ọmọ náà ní Tiarma ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la, Ìyá Binsar di Ìyá Àgbà Tiarma nìyẹn, ẹni tó bá sì tún pè é ní Ìyá Binsar ti rí i fín. Oyè tó ti ń wù ú ni, ó tiẹ̀ ti ń fi yangàn kiri. Àfi ìgbà tí ẹlẹ́ja kan fi í ṣẹ̀fẹ̀ lọ́jà: "Ẹ jẹ́ n pè yín ní Ìyá Binsar ní àpèkẹ́yìn o, tó bá dọ̀la ó ti dèèwọ̀!" Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á débi pé ó gbàgbé ẹja tó rà síbẹ̀.

Nítorí ní gbogbo ìgbà tílẹ̀ bá ń ṣú, ó máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ kékeré tó tutù lórí àtẹ̀gùn ilé, tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, tó sì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó máa ń tẹ́ aṣọ ìnura síbẹ̀. Bàbá Binsar a ní òjò ni; bí òjò ò bá sì rọ̀, a ní ológbò ni. Wàyí o, bí Binsar bá béèrè ilé Ìyá Binsar, táwọn èèyàn sì ní àwọn ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ńkọ́?

"Ṣebí omi kan náà ni gbogbo rẹ̀," Bàbá Binsar wí. "Bá Binsar sọ ọ̀rọ̀ náà ní Bulbul, ká lè rí ẹja jẹ."

"Bí ọmọ bá sọnù, ibi tí ìyá rẹ̀ fi í sí ni wọ́n ti ń wá a. Àbí ibi tí ẹja ti dùn ni?"

Èèwọ̀ ni fún Bàbá Binsar láti bá ìyàwó ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ tààrà, nítorí náà ó kọjú sí ọmọ tuntun. "Ìwọ ọmọ yìí, sọ fún ìyá rẹ kó mú ìborùn tó nípọn dání. Òtútù Lumban Raut kì í wojú ọmọ." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ó ti gbà.

Lumban Raut kò yí padà rárá, èyí sì dun Ìyá Binsar dé egungun. Wọ́n ń din ọ̀gẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọdé ń pariwo lórí rọ́bà táyà. Iyanrìn náà ṣì ń rọra lọ sábẹ́ omi, lẹ́yìn náà ó parí lójijì, omi sì dúdú lábẹ́ òjìji òkè. Ó ká ìró rẹ̀, ó wọ omi dé orúnkún. Ọkọ rẹ̀, tí kò mọ odò ó wẹ̀, di etí ìró náà mú lẹ́yìn rẹ̀.

"Má kọjá ibẹ̀ yẹn o!"

"Binsar," ó wí sínú omi, "láti ọ̀la lọ, wọn ò ní í fi orúkọ rẹ pè mí mọ́. Kì í ṣe pé mo kọ̀ ọ́. Àbúrò rẹ ló bímọ. Bó o bá ń bọ̀ nílé, ilé Ìyá Àgbà Tiarma ni kó o béèrè. Tiarma. Ṣó o gbọ́? Tiarma." Ó ń tún un sọ bí ẹni rán ọmọ níṣẹ́. Omi náà kò mira.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló ń kí i: "Horas, Ìyá Àgbà Tiarma!" Ó ń jẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ro ó. Kò sí ẹnì kan tó ṣèèṣì pè é ní ti àtijọ́. Ó ń retí pé kí ẹnì kan ṣáà ṣe àṣìṣe.

Nígbà tí àlejò lọ tán tílẹ̀ sì ń ṣú, ó tẹ́ aṣọ ìnura sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó. Adìyẹ wọlé sùn. Iná bẹ̀rẹ̀ sí í tàn lódìkejì adágún. Àtẹ̀gùn kò dún.

"Kò tíì dé," ọkọ rẹ̀ wí lẹ́yìn rẹ̀.

Ó yíjú padà. "Ta ni?"

Ọkùnrin náà kò wò ó. "Ó ti yẹ kó ti dé."

"Ẹ̀yin náà ń gbọ́ ọ? Gbogbo ọdún wọ̀nyí, tí ẹ̀ ń sọ pé ológbò ni!"

"Ológbò wo? Ìgbà wo la ní ológbò rí?" Ó jáde, ó dúró sórí àtẹ̀gùn, ó kọjú sí adágún kí Binsar lè gbọ́, ó sì fi gbogbo agbára kígbe: "Ìyá Àgbà Tiarma o! Ìyá Àgbà Tiarma!"

Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ ti dìde dúró. "Èmi rèé o!" lòun náà kígbe sínú òkùnkùn. "Níbí ni mo wà!"

Àwọn aládùúgbò ṣí fèrèsé, wọ́n ń wo àgbàlagbà méjì tí èjìká wọn kan ara wọn, tí ọ̀kan ń pe èkejì bí ẹni tó wà lódìkejì omi, tí kò sì sí èyí tó fẹ́ kọ́kọ́ dákẹ́.