Ìka Tí Ọkọ Mi Fi Ń Wọn Òrùka

Kí ọkọ mi tó ta òrùka kankan, èmi ló máa ń kọ́kọ́ fi í sí níka tẹ́lẹ̀. Alágbẹ̀dẹ fàdákà ni. Ó ní ojú lè puró, ìka kì í puró. Amọ̀kòkò ni èmi. Amọ̀ àti omi ti jẹ́ kí ìka mi wú, òrùka ò kọjá oríkèé mọ́. Kò bá mi sọ nǹkan kan. Mo kàn rí i pé Agbẹ́gilére ló ń pè.

Obìnrin ni Agbẹ́gilére, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló kángun sí tiwa. Ọwọ́ tó ń fi gbẹ́ igi látàárọ̀, mi ò mọ bí ìka ibẹ̀ ṣe wá tẹ́ẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, èyí ń fún mi o."

"Mú un wá, kí n fẹ̀ ẹ́ díẹ̀."

"Ẹ rọra, ìka mi kì í ṣe irin."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Owú ń jẹ mí, àmọ́ ẹ̀rù ló pọ̀ jù. Tí mo bá bi ọkọ mi bóyá ọkàn rẹ̀ ti fà sí i, ó lè ní òótọ́ ni.

Mo wá pe obìnrin náà.

"Àbúrò, fún mi lọ́wọ́ rẹ."

"Màmá, ṣé ẹ fẹ́ wo àyànmọ́ mi ni?"

"Ìka ni mo fẹ́ wò."

Mo fi òwú wọ̀n ọ́n. Mo fi amọ̀ mọ ìka kan, mo jẹ́ kó tóbi ju tirẹ̀ lọ díẹ̀, torí amọ̀ máa ń súnkì nínú iná. Nígbà tí mo sun ún tán, ó ṣe rẹ́gí.

Mo gbé e fún ọkọ mi kó máa fi wọn òrùka dípò ìka obìnrin náà. Ó fi òrùka sí i, ó rẹ́rìn-ín. "Ó bá a mu. Àmọ́ èyí ò lè sọ fún mi tó bá ń dùn ún." Ló bá nahùn: "Agbẹ́gilére, jọ̀ọ́, yà síbí."

Mi ò mọ ohun tó tì mí. Mo na ọwọ́ mi sórí tábìlì rẹ̀, tòun tamọ̀ abẹ́ èékánná.

"Ẹ ṣe èyí tó máa kọjá oríkèé yìí. Èmi náà lè sọ tó bá ń dùn mí."

Ó gbé ọwọ́ náà, ó wò ó.

"Ó ti wú tó báyìí?"

"Ó ti pẹ́."

"O ò sọ fún mi."

"Ẹ ò bèèrè."

Agbẹ́gilére ti dé ẹnu ọ̀nà, ó ń gbọn lẹ́búlẹ́bú igi kúrò láṣọ. "Ẹ̀gbọ́n, mo ti dé."

Ọkọ mi ò gbójú sókè. Ó ti fi okùn yí ìka mi ká.

"Jókòó ná," ló sọ fún un.

Ó jókòó. Mi ò tíì mọ̀ bóyá bó ṣe fi tèmi ṣáájú yẹn tó láti lé ẹ̀rù mi lọ. Mo na ìka náà gbọnrangandan, kó lè wọ̀n ọ́n dáadáa.