Ta Ló Kọ́kọ́ Kú?

Oṣù kẹta lẹ́yìn tí mọ́tò Oyèdélé já sínú ọ̀gbun lórí òkè Mílíkìnì, tí òun àti Olúdáìsí ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ, sì kú sínú rẹ̀, ni Ọláwuyì àbúrò rẹ̀ ti Ìbàdàn dé. Ó ní ilé tí ẹ̀gbọ́n òun kọ́ sí Trans-Ekulu ti di ti ẹbí.

Ọlájùmọ̀kẹ́, ìyàwó olóògbé, gba ọ̀dọ̀ lọ́yà lọ.

"Ta ló kọ́kọ́ kú, Màdáàmù?" ni lọ́yà bi í. "Bí bàbá bá ṣáájú, ilé ti di ti ọmọ, ẹ̀yin lẹ sì máa jogún ọmọ yín. Bí ọmọ bá ṣáájú, ilé ti bọ́ sọ́wọ́ ẹbí ọkọ yín nìyẹn."

Súnmọ́lá, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn tó ń kọ́ òfin ní yunifásítì, ṣí ìwé rẹ̀ fún un. "Àwọn ará Róòmù àtijọ́ ní bí bàbá àti ọmọ tí kò tíì bàlágà bá jọ kú, tí ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tó ṣáájú, ọmọ ni kí wọ́n kà sí ẹni tó kọ́kọ́ kú. Bó bá ti bàlágà, bàbá ló ṣáájú."

"Ṣé wọ́n wà níbẹ̀ ni?"

"Rárá, Mà. Kí ẹjọ́ ṣáà lè parí ni."

Ọlájùmọ̀kẹ́ pòṣé. Lọ́yà ní ẹlẹ́rìí lòun ń wá, kì í ṣe Róòmù. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Ọlájùmọ̀kẹ́ fi ń lọ sí ọsibítù, tí akọ̀wé ibẹ̀ ń sọ pé, "Madam, go come tomorrow." Nígbà tí wọ́n rí fáìlì, aago méjì ọ̀sán ni wọ́n kọ pé àwọn méjèèjì kú.

Ó wá rí obìnrin kan ní Obiagu, onígi ìdáná, tó kọ́kọ́ dé inú ọ̀gbun náà.

"Your pikin dey call him papa," ni obìnrin náà wí. "Papa no answer. E call am tey."

Nígbà tí lọ́yà gbọ́, ó fò sókè. "A ti borí!"

Ọlájùmọ̀kẹ́ wo ẹ̀rín ẹnu rẹ̀. "Ṣé kí n wá máa bẹ adájọ́ pé kó gbà pé ọmọ mi pẹ́ nínú ìrora?"

"Ọ̀rọ̀ ilé là ń sọ, Màdáàmù."

"Mo mọ ohun tí à ń sọ."

Kò padà sọ́dọ̀ lọ́yà mọ́. Ọláwuyì ta ilé náà kí ọdún tó parí. Ọlájùmọ̀kẹ́ háyà yàrá kan ní Achara Layout, ó ń bá iṣẹ́ tíṣà rẹ̀ lọ. Nígbà tí Súnmọ́lá wá kí i, ó bi í bóyá ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀.

"Balẹ̀ kẹ̀? Ojoojúmọ́ ni inú ń bí mi," ni ó dá a lóhùn. "Sí Ọláwuyì, sí lọ́yà, sí àwọn ará Róòmù rẹ yẹn. Jókòó, kí n bu oúnjẹ fún ọ."