Lu Ilẹ̀ Lẹ́ẹ̀mejì

Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá àwọn òṣìṣẹ́ wa kàwé. Wọ́n kàwé. Wọ́n ka pátákó tó wà lẹ́nu géètì wa, wọ́n rí i pé a ń wá èèyàn, wọ́n sì wọlé. Ìwé tí wọ́n kà nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo lò nílé ìwòsàn kí n tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ìjókòó ilé sú mi ni mo gba iṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn ọ̀dọ́ yìí. Ọmọ mọ́kànlélógún ló ń gbé lọ́dọ̀ wa: àwọn tí oògùn olóró ti sọ dìdàkudà, àwọn tí ìbínú ń gùn bí ẹṣin, àwọn tí òbí wọn kò mọ ohun tí wọ́n lè fi wọ́n ṣe mọ́. Iṣẹ́ tó gba ẹ̀kọ́ ni. Ìwé òfin sọ pé ẹni tó bá máa tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ogójì wákàtí. Ọ̀gá tó ni ilé náà mọ ìwé òfin ọ̀hún lórí. Ó kọ́ ọ sórí kó lè mọ ibi tó máa gbà yẹ̀ ẹ́ ni.

Ẹ wo Onígbàjámọ̀. Ohun táwọn ọmọ ń pè é nìyẹn, torí iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Òun ló ń gẹrun fún Ọ̀gá. Lọ́jọ́ kan, lórí àga ìgẹrun, Ọ̀gá ní ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, ó ní sùúrù, kó wá máa bá òun tọ́jú ọmọ. Bí orí Ọ̀gá ṣe di ìwé ẹ̀rí nìyẹn. Mi ò sọ pé èèyàn burúkú ni o. Ọmọlúàbí ni, á kí mi láàárọ̀, á gba ẹrù lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ìwà ọmọlúàbí nìkan ti tó, ẹ jẹ́ ká kúkú gbé abẹ fún un kó máa la ikùn aláìsàn.

Ẹni tó wá dá wọn lẹ́kọ̀ọ́ ńkọ́? Àbúrò ìyàwó Ọ̀gá ni. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni pé kó máa kọ́ àwọn tó ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù bí wọ́n ṣe ń mú olè. Ó ní ká máa pe òun ní Olùdánilẹ́kọ̀ọ́ Àgbà. Mo pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mi ò pè é mọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló dé, aago mẹ́wàá àárọ̀. Nígbà tí aago méjì ọ̀sán fi máa lù, ogójì wákàtí ti pé. Mi ò mọ bó ṣe ṣe é. Bóyá wákàtí ilé tiwọn kúrú ni.

Ohun tó kọ́ wọn kò ju ẹyọ kan lọ: bí wọ́n ṣe ń di ọmọ tó ń bínú mú. Wọ́n tẹ́ ẹní sílẹ̀ ní yàrá ìjẹun, wọ́n ń di ara wọn mú. Ẹnì kan á dojú bolẹ̀, ẹnì kejì á ká ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn, ẹnì kẹta á di ẹsẹ̀. Ọwọ́ òsì, wọn ò ní dì í mú, torí òfin kan wà tí Olùdánilẹ́kọ̀ọ́ Àgbà tẹnu mọ́ gan-an. Bí ìdìmú bá ti ń ni ẹni tó wà nílẹ̀ lára, kó fi àtẹ́lẹwọ́ òsì lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá ti lu ilẹ̀, kí wọ́n tú u sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ janpata. Bí kò bá tíì lù ú, a jẹ́ pé kò tíì rọ̀, kí wọ́n má tú u.

Wọ́n ṣe é títí. Pà, pà, wọn á tú ẹni yẹn, ẹlòmíì á dojú bolẹ̀, ẹ̀rín á sọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń yínmú sí wọn, ṣùgbọ́n nǹkan kan ń jẹ mí lọ́kàn tí mi ò mọ̀. Nígbà tí mi ò rí i mú, mo padà lọ ka oògùn mi.

Kò pẹ́ sí i ni Ọ̀gá gbé fáìlì wá bá mi. Olùbẹ̀wò láti ọ́fíìsì tó ń fún wa níwèé àṣẹ ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nínú gbogbo ilé, ìwé ẹ̀rí tèmi nìkan ló jẹ́ ojúlówó, nítorí náà ọwọ́ tèmi ni wọ́n ń fẹ́ lábẹ́ ìwé tó sọ pé òṣìṣẹ́ mẹ́jọ ti gba ẹ̀kọ́ ogójì wákàtí. Mo ní wákàtí mẹ́rin ni mo rí. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó pè mí ní Mọ̀mí, ó ní bí wọ́n bá ti ilé yìí pa, ṣé ojú títì ni kí àwọn ọmọ yìí padà sí? Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn, mo buwọ́ lù ú. Èmi tí mo ti ń fi wọ́n ṣẹ̀sín láti àárọ̀, bírò tèmi ló sọ wọ́n di ọ̀mọ̀wé.

Ọmọbìnrin kan wà láàárín àwọn ọmọ náà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Lọ́yà làwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, torí kò sí ẹjọ́ tí kò lè rò. Sọ fún un pé kó lọ sùn, á ní òfin wo ló sọ bẹ́ẹ̀. Òun ni mo fẹ́ràn jù, mi ò ní parọ́. Ó ti ń lọ sí oṣù karùn-ún tí kò fọwọ́ kan oògùn tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ikọ́ fée ń dà á láàmú, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ máa ń há, ike oògùn tó máa ń fín sẹ́nu sì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi.

Ọjọ́ Sátidé làwọn ọmọ máa ń bá ará ilé wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Lọ́yà ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, Onígbàjámọ̀ gba fóònù nígbà tó di ìṣẹ́jú mẹ́fà, ó ní èrò pọ̀ lẹ́yìn. Lọ́yà ní ìṣẹ́jú mẹ́rin òun dà. Ó bèèrè lẹ́ẹ̀kan, ó bèèrè lẹ́ẹ̀kejì, ó ti àga ṣubú. Ẹni tó bá gbẹ̀kọ́ á mọ̀ pé ọmọ tó ń bèèrè ìṣẹ́jú mẹ́rin, ìṣẹ́jú mẹ́rin náà ló ń wá. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni tiwọn, òun náà ni wọ́n lò.

Yàrá oògùn ni mo wà tí mo fi gbọ́ ariwo. Mi ò yára dìde, ọmọ tó bá ṣì ń pariwo ṣì ń mí. Ìgbà tí ariwo dákẹ́ lójijì ni mo gbé ike oògùn yẹn, mo sáré. Wọ́n ti dojú ọmọ bolẹ̀ ní yàrá ìjẹun. Orúnkún Onígbàjámọ̀ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀, òṣìṣẹ́ kejì di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ọwọ́ òsì rẹ̀ wà nílẹ̀ gbalaja. Ètè rẹ̀ ti ṣú.

Mo ní kí wọ́n tú u sílẹ̀. Onígbàjámọ̀ gbójú sókè, òógùn bò ó.

“Mọ̀mí, kò tíì lu ilẹ̀.”

Kò bínú o. Ó ń dúró ni, ó tẹjú mọ́ ọwọ́ ọmọ yẹn bí ẹni tó ń dúró kí omi orí iná hó. Ibẹ̀ ni ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ti yé mi. Àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n kọ́ pé kí wọ́n lu ilẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún ọmọ kankan.

Àlàyé kọ́ ló kàn. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà, mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi lu ilẹ̀. Pà, pà. Àwọn méjèèjì tú u sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọwọ́ wọn lókè, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wọn.

Mo fín oògùn sí Lọ́yà lẹ́nu, ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí èémí rẹ̀ tó padà bọ̀ sípò. Onígbàjámọ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń sunkún bí ọmọdé. Mo ti ṣètò èébú tí mo máa bú u, ẹnu mi kò gbé e. Lọ́yà bi mí pé kí ni mo ṣe tí wọ́n fi gbọ́ tèmi, mo sì sọ fún un. Ó tún bi mí pé:

“Mọ̀mí Nọ́ọ̀sì, ta ló buwọ́ lù ú pé wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣe?”

Mo ní kó sinmi, kó má sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ tuntun wọ́, àgbà sì tún ń ní kí ọmọ dákẹ́.

Nígbà tí mo ròyìn fún Ọ̀gá, inú rẹ̀ dùn. Ó ní ṣé mo rí i báyìí pé ẹ̀kọ́ yẹn ṣiṣẹ́? Ṣebí bí mo ṣe lu ilẹ̀ ni wọ́n tú u. Ó ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé pé ọmọ bínú, a sì tù ú nínú. Mi ò kọ nǹkan kan. Mo rò pé ìyẹn ti tó, ẹ ẹ̀ rí ìwà ojo.

Ọjọ́bọ̀ ni olùbẹ̀wò dé, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó wọ bàtà dídán. Ó ka fáìlì, ó yin fáìlì. Ọ̀gá mú un wá sí yàrá ìjẹun níbi táwọn ọmọ ti ń jẹun ọ̀sán, mo tẹ̀ lé wọn. Onígbàjámọ̀ gbé omi wọlé. Bó ṣe kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì àkọ́kọ́, gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ òsì lu tábìlì. Pà, pà. Tábìlì kejì náà ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Lọ́yà ti dá kíláàsì tiẹ̀ sílẹ̀, mo sì lè búra pé àwọn ọmọ rẹ̀ mọ iṣẹ́ ju àwọn òṣìṣẹ́ wa lọ.

Olùbẹ̀wò bèèrè ohun tó jẹ́. Ọ̀gá ní ìkíni ni, bí wọ́n ṣe ń kí àwọn olùtọ́jú wọn nìyẹn. Inú olùbẹ̀wò dùn, ó tẹrí ba, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ọmọ náà mọ̀wà hù. Lọ́yà kò wò ó, kò wo Ọ̀gá. Èmi ló ń wò, ọwọ́ òsì rẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì, mo sì mọ ìbéèrè tó ń bi mí.

“Sà, kì í ṣe ìkíni,” mo ní. “Wọ́n ń bẹ àwọn òṣìṣẹ́ wa pé kí wọ́n má pa àwọn ni. Ẹ ṣí ojú ewé tí orúkọ mi wà. Wákàtí mẹ́rin ni, kì í ṣe ogójì. Èmi ni mo parọ́.”

Ọ̀gá ní ara Mọ̀mí kò yá. Olùbẹ̀wò dá bírò dúró, ó bi mí bóyá mo mọ̀ pé wọ́n lè gba ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ mi. Mo ní mo mọ̀. Lọ́yà gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí tábìlì, ó mú ṣíbí, ó ń bá oúnjẹ rẹ̀ lọ.