Ṣíbí Kẹfà

Ṣíbí tí Àríyọ̀ fi odindi ọdún méjì wá kí ó tó rí i ni ọkọ rẹ̀ fi ń ro ògì. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wo bí ọwọ́ ọkùnrin náà ṣe ń yí po, tí etí ṣíbí sì ń ha inú ife.

“Bàbá Grâce, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ní kí ẹ má fọwọ́ kàn nínú ilé yìí?”

Jérôme gbójú sókè. “Ṣebí ṣíbí ni? Àbí kí n máa fi ìka ro ó?”

“Ṣíbí mìíràn kún inú agbọ̀n yẹn bámúbámú!”

“Èyí ló sún mọ́ mi.”

Ó já a gbà. Ó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣàn án, ó fi aṣọ òwú nù ún, ó sì yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Òǹtẹ̀ alágbẹ̀dẹ ṣì wà níbẹ̀. Òun náà ló jẹ̀bi, ó mọ̀, nítorí òun ló gbàgbé rẹ̀ sórí tábìlì lálẹ́ àná, ṣùgbọ́n èyí kò ní kí inú má bí i.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Àríyọ̀ fi lu òǹtẹ̀ mọ́ lẹ́tà nílé pósítì ní Pobè, nítorí náà kò sí ohun tó lè rí tí kò ní yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ó ń yí àwo wò níbi ìgbéyàwó ọmọlọ́mọ. Ó ń yí ife wò nílé àlùfáà. Bó ṣe yí ṣíbí dúdú kan wò nìyẹn, lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, ní ìsọ̀ Crépin tó ń ta ẹrù àlòkù lọ́jà Sakété. Ẹrù láti Amẹ́ríkà ni. Ó rí orúkọ ènìyàn lẹ́yìn èèkù ṣíbí náà, nínú àpótí kékeré kan tí kò ju èékánná lọ, ó sì wádìí rẹ̀ lórí fóònù títí ojú fi ń ro ó. Láyé àtijọ́, nígbà tí fàdákà ṣọ̀wọ́n ní Amẹ́ríkà, owó fàdákà tó wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn ni wọ́n ń kó lọ bá alágbẹ̀dẹ. Alágbẹ̀dẹ á yọ́ owó náà, á lù ú di ṣíbí, á fín lẹ́tà orúkọ ẹni tó ni ín sí iwájú èèkù, á sì lu òǹtẹ̀ tirẹ̀ sẹ́yìn. Àbí ẹ ò rí nǹkan? Owó tó di ṣíbí! Láti ọjọ́ náà ni ara Àríyọ̀ kò ti balẹ̀ mọ́.

Mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n máa ń ṣe é, àpò tó kó mẹ́fà yìí wá sì ti tú ká kí wọ́n tó já ẹrù. Ó rí ìkejì lọ́wọ́ ẹlẹ́kọ tó fi ń bu ṣúgà. Ó rí ìkẹta lọ́wọ́ mẹkáníìkì tó fi ń ha gíríìsì. Ìkẹrin wà ní Aguidi, ìyá kan fi ń họ inú àgbọn. Ìkarùn-ún, ẹ gbà mí, ilẹ̀kùn ilé adìẹ ni wọ́n fi há ní Towé! Lẹ́tà mẹ́ta kan náà ló wà lára gbogbo wọn, H. M. L., ó sì ti ka orúkọ náà títí ó fi dà bí orúkọ ará ilé rẹ̀. Ọ̀kan ló kù. Òru àti ọ̀sán, ọ̀kan ló kù.

Ibi tó ti ń nu ṣíbí ni fóònù ti dún. Crépin ni.

“Tantí, mo ti rí i! Lẹ́tà mẹ́ta yẹn gan-an ni. Èèkù rẹ̀ kàn wọ́ díẹ̀ ni.”

“Má fọ̀ ọ́ o! Má fi eérú kàn án, má fi iyanrìn kàn án, má fi ọsàn wẹ́wẹ́ kàn án!”

“Tantí, omi lásán pàápàá kò ní kàn án.”

Àríyọ̀ kó márààrún jọ láti lọ fi wọ́n wé ìkẹfà. Rọ́bà máa ń sọ fàdákà di dúdú, nítorí náà ẹ̀gbà ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló máa fi ń há èèkù wọn pọ̀. Fàdákà ni ẹ̀gbà náà, fàdákà kì í sì í ba fàdákà jẹ́. Láti ìgbà tí ìyá ti kú, iṣẹ́ tí ẹ̀gbà náà rí ṣe kò ju ìyẹn lọ.

“Bá mi kí gbogbo ará Amẹ́ríkà!” Jérôme kígbe tẹ̀ lé e.

Àríyọ̀ ti wà ní títì.

Oní-zémìjàn tó fi alùpùpù gbé e lọ sí Sakété dúró ra epo inú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà. Kò pẹ́ tó tún dúró láti kí àna rẹ̀ tó ń sá gbágùúdá. Nígbà tó dúró lẹ́ẹ̀kẹta láti tún okùn bàtà rẹ̀ so, Àríyọ̀ bi í bóyá òun ni yóò wa alùpùpù náà. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín rárá.

Nígbà tó dé ìsọ̀ Crépin, Crépin ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì ṣófo.

“Ó dà?”

“Ó wà lọ́dọ̀ Bàbá Ògúntúndé. Mo fẹ́ kí wọ́n bá mi nà án, kí ẹ má bàa bá a ní wíwọ́.”

“Alágbẹ̀dẹ? O sì sọ fún wọn pé kí wọ́n nà án?”

“Há, Tantí, iná ti ń jó nígbà tí mo débẹ̀. Ta ló ń bá Bàbá sọ̀rọ̀ nígbà tí fàdákà bá wà lórí iná? Mo rọra gbé e sórí ẹní ni, mo ní n ó padà wá.”

Àríyọ̀ kò dúró gbọ́ ìyókù. Gbogbo Sakété ló mọ àṣà ilé Ògúntúndé: bí fàdákà bá wà lórí iná, ẹnikẹ́ni kì í lanu. Gbogbo Sakété ló sì tún mọ̀ pé fàdákà àtijọ́ tí ènìyàn bá gbé sórí ẹní láìsọ̀rọ̀, yíyọ́ ló fẹ́ kí wọ́n yọ́ ọ. Crépin kò tíì lo ọdún mẹ́wàá nílùú, ìdajì àṣà ló mọ̀.

Iná ṣì ń jó nígbà tó dé ibẹ̀. Bàbá Ògúntúndé jókòó ti ẹwìrì, ẹni àádọ́rin ọdún ó lé, ìkòkò amọ̀ kékeré ń pọ́n yòò níwájú rẹ̀. Kò sí nǹkan kan lórí ẹní. Àríyọ̀ la ẹnu, ó pa á dé. Ó na ìka sí ẹní. Bàbá fi àgbọ̀n tọ́ka sí ìkòkò.

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Àríyọ̀ káwọ́ lérí, ó fẹsẹ̀ janlẹ̀, ó yí lọ, ó yí bọ̀, kò sì gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan. Bàbá fi ẹ̀mú gbé ìkòkò, ó da fàdákà sínú àdàkọ, ihò amọ̀ tí fàdákà ti máa ń dì, ó gbé ìkòkò kalẹ̀, ó nu òógùn, ó mu omi. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ẹ káàárọ̀ o.”

“Bàbá, ṣíbí mi!”

“Ṣíbí kẹ̀? Fàdákà tí mo bá lórí ẹní ni mo yọ́.”

“Ọdún mẹ́fà ni mo fi wá a! Orúkọ wà lára rẹ̀, Bàbá! Orúkọ!”

“Orúkọ ta ni?”

“H. M. L.”

“Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?”

Àríyọ̀ bojú wẹ̀yìn. Crépin ti dé, ó ti dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀: ta ni yóò bá wí? Èyí tó dọ̀bálẹ̀ fẹ́ ṣe é lóore ni. Èyí tó jókòó ṣe ohun tí àwọn baba rẹ̀ máa ń ṣe. Àríyọ̀ yọ márààrún jáde nínú báàgì, ó sì gbé wọn síwájú alágbẹ̀dẹ kí ó lè rí ohun tó bàjẹ́.

Bàbá gbé wọn sún mọ́ ojú.

“Níbo lo ti rí èyí?”

“Òkè òkun ni wọ́n ti—”

“Ẹ̀gbà ni mo ń bi ọ́.”

“Bàbá, ṣíbí ni mo ń fi hàn yín!”

“Mo ti rí ṣíbí. Ẹ̀gbà yìí ńkọ́?”

“Ti ìyá mi ni.”

“Ìyá Towé? Ẹlẹ́gàrí tó máa ń fẹsẹ̀ rìn wá sọ́jà?”

Àríyọ̀ wò ó. Ọkùnrin náà bọ́ ẹ̀gbà kúrò lára àwọn ṣíbí, ó yí inú rẹ̀ síta, ó sì fi àtàǹpàkò ra á. “Wò ó. Ẹsẹ̀ ẹyẹ yìí ni òǹtẹ̀ bàbá mi. Èmi ni mo fẹ ẹwìrì lọ́jọ́ náà. Owó fàdákà ayé àwọn Faransé ni ìyá rẹ kó wá nínú kèrègbè, mọ́kànlá. Ó ní ọmọ òun obìnrin ti wọ ilé ìwé, kí a fi lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ rẹ̀ sí i. Èmi nìkan ni mo mọ̀wé nílé wa nígbà náà, èmi ni wọ́n ní kí n fín in.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ọwọ́ mi kò tíì dúró. Ó wọ́.”

Lẹ́tà À ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gùn ju ìkejì lọ. Àríyọ̀ tó ń yí gbogbo nǹkan wò kò yí inú ẹ̀gbà yìí wò rí.

Ọjọ́ tí Àríyọ̀ wọ iṣẹ́ pósítì ni ìyá rẹ̀ fún un. Àríyọ̀ ló sọ pé ẹ̀gbà náà yóò máa gbá mọ́ tábìlì bí òun bá ń lu òǹtẹ̀. Ìyá ní kò burú, kí ó fi pa mọ́. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

“Èyí tó wà nínú àdàkọ ńkọ́?” Bàbá bi í. “Mo lè lù ú di ṣíbí fún ọ.”

“Ẹ jẹ́ kí n lọ rò ó, Bàbá.” Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà. “Crépin, dìde. Dìde, mo ní. Ilẹ̀ yẹn tutù.”

Ó ki ọwọ́ bọ ẹ̀gbà náà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbà kọ̀, kò kọjá egungun àtàǹpàkò. Bàbá ní kí wọ́n gbé òrí wá nínú ilé. Ó dùn ún, ṣùgbọ́n ẹ̀gbà wọ ọwọ́.

Ní gbogbo ọ̀nà Pobè ni àwọn ṣíbí ń gbá ara wọn nínú báàgì, wọ́n ń ha ara wọn, kò sí ohun tó há wọn pọ̀ mọ́.

“Tantí, kí ló ń dún bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn mi?” oní-zémìjàn bi í.

“Ṣíbí ni,” Àríyọ̀ dáhùn. Kò bojú wo báàgì. Ó ti ti ìka bọ abẹ́ ẹ̀gbà, ó ń wá ibi tí lẹ́tà náà ti wọ́.